Ọkọ̀ wo ló kọ́kọ́ wọ gáréèjì? Ohun tí ordered hash map ń tọ́jú

Ní gáréèjì, tọ́ọ̀nù ni gbogbo nǹkan. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ní Kàbà ló máa kọ́kọ́ kó èrò lọ Lọ́kọ́jà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá A ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ awakọ̀ tàbí Y.

Ká ní akọ̀wé gáréèjì ń lo kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kọ́kọ́rọ́, orúkọ awakọ̀ ni ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣí. Hash map, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú nǹkan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á fi ìṣirò kan lọ nọ́ńbà náà kúnná, èsì rẹ̀ ló ń sọ ihò tí yóò fi orúkọ pamọ́ sí. Ìdí tó fi ń yá nìyẹn. Àmọ́ ihò ò mọ ẹni tó ṣáájú dé. Ẹ ní kó ka gbogbo ọkọ̀ jáde, á kà wọ́n bó ṣe bá wọn nínú ihò. HashMap ti Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ò ṣèlérí ìtò kankan. Àwọn tó ṣe èdè Go tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ da tiwọn rú, kí ẹnikẹ́ni má baà gbára lé e.

Ordered hash map ń rántí ẹni tó ṣáájú. Ti èdè Python, tí wọ́n ń pè ní dict, dà bí ìwé méjì: nínú ọ̀kan, wọ́n ń kọ ọkọ̀ tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe ń dé, nínú èkejì, ihò kọ̀ọ̀kan kàn ń sọ ìlà tí ẹ máa wò ni. Lọ́dún 2012 ni Raymond Hettinger, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe Python, dá àbá yìí, kí dict má baà jẹ àyè púpọ̀ mọ́. Ìtò wá di èènì. Ó wọ Python 3.6 lọ́dún 2016, 3.7 ló sọ ọ́ di òfin. Ní ti Java, LinkedHashMap ló ń ṣe é, ó ń so ọkọ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà rèé. Tí awakọ̀ bá yí padà, ọkọ̀ ò kúrò ní tọ́ọ̀nù rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pa nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ́ nítorí ó lọ lẹ táyà, tí wọ́n tún kọ ọ́ nígbà tó dé, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìtò yìí kì í ṣe ti a-b-d. TreeMap ni kí ẹni tó fẹ́ ìyẹn wá lọ ní Java.

Ó ti gbá èmi náà mú rí. Mo kọ ètò kékeré kan fún àwọn alájọ wa, mo fi nọ́ńbà káàdì ṣe kọ́kọ́rọ́ nínú object, ohun tí èdè JavaScript fi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti ohun tó ń ṣí. Ìyá tó ní káàdì 12 ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, káàdì 3 ló yọ lókè! Object máa ń kọ́kọ́ to kọ́kọ́rọ́ tó bá jẹ́ nọ́ńbà odidi láti kékeré sí ńlá, kó tó ka ìyókù bí wọ́n ṣe dé. “Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dáwó ni?” ni Màmá bi mí. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe forúkọ sílẹ̀ sínú Map, ordered hash map ti JavaScript, káàdì 12 sì padà sókè.