Wọn ò torí àìríṣẹ́ dá NYSC sílẹ̀ o

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n jáde yunifásítì, ó sì máa ń dùn mí gan. Wọ́n á ní torí kí graduate lè ríṣẹ́ nìjọba ṣe dá NYSC sílẹ̀, ìyẹn ètò àgùnbánirọ̀ tí wọ́n fi ń sin ilẹ̀ baba wọn fún ọdún kan, wọ́n á wá ní ṣebí ẹ rí i pé lẹ́yìn ọdún kan iṣẹ́ ò sí, ọdún kan ti ṣòfò nìyẹn. Àwọn òbí náà ń sọ ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọjọ́ 22 oṣù May ọdún 1973 nìjọba ológun Gowon fi òfin tí wọ́n ń pè ní Decree 24 dá ètò yìí sílẹ̀. Yunifásítì tó wà ní Nàìjíríà nígbà yẹn ò ju mẹ́fà lọ, Ìbàdàn, Nsukka, Èkó, Ifẹ̀, Zaria àti Benin, ẹni tó bá jáde níbẹ̀ kì í wáṣẹ́ kiri, iṣẹ́ ló ń wá a, ìjọba ń fẹ́ ẹ, kọ́ńpìnì ń fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn táwọn stúdẹ́ǹtì fi figbe ta nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lójú tiwọn ńṣe ni wọ́n fẹ́ dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ta ló máa torí àìríṣẹ́ ṣòfin fún ẹni tí iṣẹ́ ń sáré lé?

Ogun ló bí i. Ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, ó parí ní January 1970, èèyàn tó kú kò lóǹkà, ebi ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọdé ló sì jìyà jù níbẹ̀. Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun, ó dáa, ṣùgbọ́n ọmọ Kano tó jẹ́ inú ìròyìn ogun nìkan ló ti ń gbọ́ nípa ọmọ Ìgbò, báwo ló ṣe fẹ́ fọkàn tán an? Ọmọ Yorùbá tí ò kọjá Ìlọrin rí ńkọ́? Ohun tí òfin NYSC wá sọ ni pé kí wọ́n rán ọ̀dọ́ tó kàwé lọ síbi tí kì í ṣe ìpínlẹ̀ ẹ̀, kóun àtàwọn ẹ̀yà míì jọ ṣiṣẹ́, kó fojú ara ẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń gbé, kó rí i pé ohun tá a fi jọra pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Kò ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ibi tí àṣìlóye yìí ti wọlé. Iṣẹ́ ti wọ́n báyìí, ibi tèèyàn bá sì fẹ́ wọlé sí wọ́n á ní kó mú sàtífíkéètì NYSC wá. Láti 2012 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn kọ́pà níṣẹ́ ọwọ́ ní kámpù. Alawí, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún kọ́pà lóṣooṣù, náà kúrò ní ₦33,000, ó di ₦77,000 ní 2025, ó wá dà bí owó oṣù. Gbogbo ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n tó wá, wọn kọ́ ni gbòǹgbò.

Ibi tó ti wá ń dùn mí jù nìyí: ẹni tó bá gbà pé torí iṣẹ́ ni, kò ní rí ìdí kankan tó fi yẹ kó lọ sí Kebbi. Á wá ẹni tó máa bá a yí i sí Èkó, tàbí kó bá ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n pín in sí dọ́rẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa bá a sáìnì kóun jókòó sílé. Wọ́n ń pè é ní ghosting bíi pé nǹkan kékeré ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ìwé pọ̀ lábúlé tó jẹ́ pé kọ́pà nìkan ló ń kọ́ wọn ní mátíìsì àti físíìsì. Tó o bá jókòó sílé, àwọn ọmọ yẹn ò ní tíṣà nìyẹn, WAEC ò sì ní dúró dè wọ́n. Ìwé tó o kà, ta ló wà fún?

Àwọn òbí tí ẹ̀rù ń bà, mi ò dá yín lẹ́bi. Ní April 2011, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, wọ́n pa àwọn àgùnbánirọ̀ ní Bauchi, àwọn ọmọ tó lọ bá INEC, àjọ elétò ìdìbò, ṣiṣẹ́ kí ìbò lè lọ bó ṣe yẹ. A ò gbọ́dọ̀ gbàgbé wọn láé, ìjọba ló sì yẹ kó dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ tó rán níṣẹ́. Tí ibi tí wọ́n pín ọmọ sí bá léwu, tára ẹ̀ ò bá yá, tàbí tó jẹ́ ìyàwó ilé tí ọkọ ẹ̀ wà níbòmíì, àyè wà fún redeploy, ìyẹn kí wọ́n gbé e lọ síbòmíì, kó kọ̀wé béèrè bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, kò sídìí láti fowó ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò níru ìdí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni lédè ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní kámpù. Tí wọ́n bá sì pín yín sílé ìwé, ẹ bi ọ̀gá ibẹ̀ pé sọ́bújẹ́ẹ̀tì wo ni wọn ò ní tíṣà fún, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín nìyẹn.