Ibi tí àmì àyọlò ti wá kó tó di ohun tí wọ́n ń fi bo ẹ̀dà ọ̀rọ̀

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ndírì mo kọ ọ́ sínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì pé àbúrò bàbá mi jẹ́ "lion", mo sì kó àmì àyọlò yí i ká bẹ́ẹ̀, ni tíṣà wa bá fi bírò pupa pa á rẹ́, ó ní ṣé mo rò pé òun máa wá ìrù lára ẹ̀ ni? Òótọ́ ló sọ ṣá, àwa tí wọ́n ń fi oríkì pè ní ẹkùn láti kékeré, ta ló ń bi wá pé èékánná wa dà?

Ẹ wò ó, àmì yẹn ti pẹ́ láyé. Ní Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì, bí igba ọdún dín díẹ̀ ṣáájú ìbí Jésù, Aristarchus tó ń bójú tó ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀ máa ń fa nǹkan báyìí > sétí ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, pé ẹni tó ń kà á kó dúró wò ó dáadáa níbí. Kò tíì kan ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rárá. Àwọn Kristẹni tó ń fọwọ́ da ìwé kọ ló wá ń tò ó sétí ìlà tó bá ti inú Bíbélì wá, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run má lọ pò mọ́ tiwọn. Ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, ní sẹ́ńtúrì 16, kọ́mà méjì-méjì ló gba ipò ẹ̀ létí ìwé, díẹ̀díẹ̀ ó wọnú ìlà.

Ibi tó dùn mọ́ mi nìyí o: ẹni tó bá ti lè sọ pé "kì í ṣe ẹnu mi lọ̀rọ̀ yìí ti jáde", kò ṣòro fún un mọ́ láti sọ pé "mo lò ó lóòótọ́, àmọ́ ẹ má dì mí mú sí i". Ní 1927 ẹnì kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Science nípa ọmọbìnrin kan tó máa ń na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìka méjì-méjì bí àmì àyọlò, tó bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tí kì í ṣe tiẹ̀. Ní 1956, Elizabeth Anscombe, onímọ̀ filọ́sọ́fì ní Oxford, pe irú àmì àyọlò "ẹ má dì mí mú" yìí ní scare quotes nínú àpilẹ̀kọ kan tó kọ lórí Aristotle, onímọ̀ filọ́sọ́fì Gíríìkì àtijọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn míì rò pé ńṣe ni àmì yẹn ń fi agbára kún ọ̀rọ̀. Mo rí pátákó búkà kan lọ́jọ́ kan, "Fresh" Fish, àmì àyọlò gbàgà-gbàgà lára fresh, ni mo bá rọra kọjá lọ jẹ ẹ̀wà lódìkejì títì.