Àwọn Tí Ogun Sú Ló Dá Ìlànà Òmìnira Sílẹ̀

Bí àwọn èèyàn bá ń jiyàn pé bóyá ìlànà òmìnira, èyí tí wọ́n ń pè ní líbẹ́rà, ṣì wúlò láyé òde òní, ibi tí wọ́n ti ń mú ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ló máa ń bí mi nínú. Wọ́n á ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ló jókòó, tí wọ́n gbà pé ọmọ aráyé dára, pé òye ni yóò borí. Nítorí náà, bí kèéta bá ti gbòde báyìí, wọ́n á ní ìlànà náà ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tí wọ́n kórìíra ara wọn dé eegun, tí wọ́n para wọn títí ó fi sú wọn, ló dá a sílẹ̀.

Àwọn kan á tọ́ka sí Áténì, ìlú àwọn Gíríìkì àtijọ́. Áténì yìí kan náà ló ní kí Socrates, onímọ̀ ìjìnlẹ̀, mu májèlé ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn mìíràn á dárúkọ Magna Carta, ìwé àdéhùn ti England ní 1215. Ìjà ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí póòpù fi wọ́gi lé e.

Lójú tèmi, ìlú Geneva ni orírun rẹ̀, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1553. Ọjọ́ náà ni wọ́n dáná sun Michael Servetus láàyè, oníṣègùn ọmọ Sípéènì, tí wọ́n so ìwé tó kọ mọ́ ọn lára. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó tako ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan, ó sì ní kò yẹ kí wọ́n máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Àwọn Kátólíìkì ti kọ́kọ́ mú un ní Vienne nílẹ̀ Faransé. Ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dáná sun ère rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Geneva, níbi tí ẹnu Calvin, aṣáájú ìsìn wọn, ti tólẹ̀, ló wá kó sí. Ìhà méjèèjì tí kì í bára wọn jẹun fẹnu kò lórí pípa á.

Sebastian Castellio, tó ti ṣe olùkọ́ ní Geneva rí, kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ìyà ti jẹ ẹ́ ní Basel, nígbà tó ń bá onítẹ̀wé kan yẹ ìwé wò. Ó máa ń fi ìkọ́ fa igi tí odò Rhine bá gbé wá, kó lè rí nǹkan dáná. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní igi onígi ló ń jí. Ó fèsì pé igi tí odò gbé wá kì í ṣe ti ẹnì kan, gbangba sì lòun ti ń kó o. Ọkùnrin yìí ló kọ ọ́ sí Calvin pé pípa èèyàn kì í ṣe gbígbèjà ẹ̀kọ́, pípa èèyàn ni. Èmi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dòní.

Ní 1568, ìgbìmọ̀ tó péjọ sí Torda, ní Transylvania tó wà ní Romania lónìí, ṣòfin pé kí oníwàásù máa wàásù bó ṣe yé e, kí ẹnikẹ́ni má fi í sẹ́wọ̀n torí ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́. Dókítà ọba ibẹ̀, Giorgio Biandrata, ti gbé Geneva rí, òun àti Calvin ò sì rẹ́ kó tó kúrò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló gbé ìròyìn iná yẹn débẹ̀. Èmi ò gbà pé èèṣì ni.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó kan Poland. Wọ́n fẹ́ yan ọba, Henry ọmọ ọba Faransé sì ń du oyè, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹjọ 1572 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Pùròtẹ́sítáǹtì lọ rẹpẹtẹ ní Paris, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jọba. Àwọn ìjòyè péjọ sí Warsaw ní oṣù Kìíní 1573, onírúurú ẹ̀sìn, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ torí ìgbàgbọ́. Wọ́n mú Henry náà búra sí i kó tó gorí ìtẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀sìn ẹnìkejì tọ̀nà. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfarakanra ni wọ́n ń wá, wọn ò bèèrè ìfẹ́.

Holland fi irú rẹ̀ sínú àdéhùn Utrecht ní 1579. Ibẹ̀ náà ni John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ England, wá fara pamọ́ sí nígbà tó kọ lẹ́tà rẹ̀ lórí ìfaradà ẹ̀sìn, tó jáde ní 1689. Òun ni wọ́n ń pè ní baba ìlànà òmìnira, lẹ́yìn tí ọmọ ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Orúkọ náà gan-an pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé: Cádiz ní Sípéènì, ní nǹkan bí 1810, ni àwọn olóṣèlú ti ń jẹ́ líbẹ́rà, bẹ́ẹ̀ òfin tí wọ́n gbé jáde ní 1812 ní Kátólíìkì nìkan ni ẹ̀sìn ìlú. Ìyókù, ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Faransé ní 1789, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1948, ògiri Berlin tó wó ní 1989, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Keje 2014, Viktor Orbán, olórí ìjọba Hungary nígbà náà, sọ ní Băile Tușnad pé orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ti líbẹ́rà lòun ń kọ́. Transylvania tí Torda wà ni ìlú yẹn náà wà. Irú àwọn bíi Orbán a máa sọ pé ìlànà òmìnira kò lè so èèyàn pọ̀. Àwọn ará Torda ò ní ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ, òfin wọn sì ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹnì kan rò pé òun ti lágbára tó láti pa ìyókù rẹ́. Faransé gba irú òfin yìí ní Nantes ní 1598, lẹ́yìn ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1562. Ní 1685, ọba wọn, Louis XIV, fagi lé e. Nǹkan bíi 200,000 Pùròtẹ́sítáǹtì sá lọ sí Holland, England àti Berlin pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn tí kò lè sá ń gbéyàwó ní bòókẹ́lẹ́, ọmọ wọn kò sì jẹ́ ọmọ lójú òfin, títí di 1787.