Kí Ló Gbé Àwọn Ará Ítálì Dé Ìdí Áísìkiriímù ní Wales?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gúúsù Wales. Orúkọ ará Ítálì ni mo ń rí lára ilé áísìkiriímù àti ilé tíì: Sidoli, Conti. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?

Ìṣẹ́ ló lé wọn kúrò nílé, owó èédú ló sì fà wọ́n wá. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, èrò ń wọ́ lọ síbi ìwakùsà Wales. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Ítálì yìí wá láti Bardi, ìlú orí òkè kan tí oko ò ti fi bẹ́ẹ̀ bọ́ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù á ránṣẹ́ pe àbúrò. Tí àbúrò bá ti mọwọ́ iṣẹ́, á lọ ṣí tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó mọ bó ṣe ń rí. Ìdílé Bracchi gbayì débi pé "Bracchi" làwọn ará ibẹ̀ ń pe ilé tíì ará Ítálì èyíkéyìí, bí àwa ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́bú ní Omo.

Ní Swansea, ìlú kan ní gúúsù Wales, Luigi Cascarini dé ní 1898, ó ṣí ilé tíì fáwọn òṣìṣẹ́. Ní 1922, Joe ọmọ rẹ̀ ṣí tirẹ̀, áísìkiriímù fanílà ló fi lórúkọ. Joe's ló ń jẹ́ dòní.

Ìbéèrè: Kò sí fíríìjì nígbà náà. Kí ni wọ́n fi ń mú un dì?

Yìnyín àti iyọ̀ ni. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á gbé agolo irin tí mílíìkì àti ṣúgà wà nínú rẹ̀ sáàárín àgbá pákó, wọ́n á wá fi yìnyín wẹ́wẹ́ ká a mọ́. Yìnyín tó ń yọ́ lásán kì í tutù kọjá òdo lórí ìwọ̀n Celsius, mílíìkì onísúgà ò sì lè dì níbẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá bu iyọ̀ sí i, iyọ̀ á máa yọ́ ọ kíákíá. Kí yìnyín sì tó yọ́, ó gbọ́dọ̀ rí ooru fà. Ara agolo yẹn ló ti ń fà á. Ó lè tutù dé nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n á máa fọwọ́ yí agolo, wọ́n á máa ha ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, kó má baà le bí òkúta. Ẹni tó ti ro àmàlà fún èrò rí mọ ohun tí apá ń rí.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn onílẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀?

Àwọn oníbàárà gbà wọ́n. Òfin 1881 ti ní kí ilé ọtí Wales máa wà ní títì lọ́jọ́ Àìkú, torí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀dọ́ ń gbà lọ. Inú àwọn pásítọ̀ kò dùn sí i.

Ọdún 1940 ló burú. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà, Mussolini, olórí ìjọba Ítálì, kéde ogun sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Wales wà lábẹ́ ìjọba rẹ̀. Àwọn èèyàn fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ítálì, ìjọba sì ń kó àwọn ọkùnrin wọn sí àtìmọ́lé, títí kan ẹni tó ti ń ta áísìkiriímù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ 2 oṣù Keje, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì ri ọkọ̀ Arandora Star tó ń kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Kánádà. Ará Ítálì tó bá a lọ lé ní 400. Ó ṣì ń dùn mí. Àwọn ìyàwó àtàwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń ṣí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn títí ogun fi parí.

Ní itẹ́ òkú Bardi, ilé àdúrà kékeré kan wà fún ìrántí 48 ọmọ ìlú náà tí omi gbé lọ́jọ́ yẹn.