Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Wo Ni Lẹ́tà A, K, U, R, E Pé Sínú Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́ ni mo wà. Olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ Scrabble wa (eré fífi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí pátákó) ní kí á wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo lẹ́tà inú "Akure" wà nínú ẹ̀. RAKE nìkan ni mo rí. Àbí kò sí ni?

Ìdáhùn: Ó wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè mìíràn ni RAKE rẹ dáhùn: kí ni èèyàn lè fi lẹ́tà wọ̀nyí kọ? Ẹni tó ń ṣe ìyẹn lè fi U sílẹ̀. Ti olùkọ́ yín yàtọ̀. Lẹ́tà márààrún gbọ́dọ̀ pé, àlejò sì lè bá wọn wọlé.

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí E. Nínú àpò Scrabble Gẹ̀ẹ́sì, E jẹ́ 12, A jẹ́ 9, K kò ju ẹyọ 1 lọ. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni kí o dì mú. Àwọn wo ni K sábà máa ń bá rìn? EAK wọ́pọ̀. Fi R síwájú ẹ̀, ó di REAK. U nìkan ló kù. Ó yá, mú BREAK. Fi UP sí ìdí ẹ̀, BREAKUP dé. Fi OUT sí iwájú ẹ̀, OUTBREAK dé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn EAK lo fi ER sí, ó di EAKER, SQUEAKER á sì jáde. EUREKA náà pé, ariwo tí ìtàn ní Archimedes pa nígbà tó ń wẹ̀. SAUERKRAUT pẹ̀lú, ìyẹn kábéèjì kíkan táwọn ará Jámánì ń jẹ (èmi ò bá wọn dé ibẹ̀). Ukraine pé lóòótọ́, àmọ́ orúkọ orílẹ̀-èdè ni, Scrabble kì í gbà á.

Ìbéèrè: Ọmọ Oǹdó ni bàbá mi. Tí mo bá fi "Ondo" ṣe é, ṣé WONDER dáa?

Ìdáhùn: Kò pé. O méjì ló wà nínú Ondo, ẹyọ kan ni WONDER ní. DONOR, NOODLE àti TORNADO ló pé. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láìyà, CONDOR nìyẹn. Àwọn ará London pàápàá ń gbé Ondo kiri, wọn ò mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kọ̀ǹpútà lè bá mi wá a?

Ìdáhùn: Wẹ́rẹ́ báyìí. Kò ní ronú kankan. Á kàn máa kù wọ́n bí ẹní ń ku èlùbọ́, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan. Wá fáìlì tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, kí o pè é ní words.txt. Lórí Linux (ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà), kọ èyí:

grep -i a words.txt | grep -i k | grep -i u | grep -i r | grep -i e

Fún O méjì, grep -i 'o.*o' ni.

Àmọ́ nídìí ìdíje, kò sí fóònù, kò sí kọ̀ǹpútà. Orí ni Wellington Jighere fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún Nàìjíríà ní Perth, ní Ọsirélíà, lọ́dún 2015. Ọwọ́ rẹ kì í gbà ju lẹ́tà 7 lọ, OUTBREAK sì jẹ́ 8, àfi kí ọ̀kan ti wà lórí pátákó ṣáájú. BREAKUP jẹ́ 7 géérégé. Tí o bá tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, máàkì 50 ni wọ́n máa fi lé e fún ẹ.