Ṣé báàgì tó fúyẹ́ jù ló máa ń rọrùn gbé jù? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn

Lọ́dọọdún ni àwọn èèyàn ń di ẹrù sẹ́yìn láti fẹsẹ̀ rin Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà inú igbó àti orí òkè tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia tó sì parí sí Maine. Ó lé ní máìlì 2,190, ìyẹn bíi kìlómítà 3,500. Àwọn mìíràn á forí lé Pacific Crest Trail, láti ibodè Mexico títí dé ti Kánádà, bíi máìlì 2,650. Ìrìn oṣù mélòó kan ni, ohun tó bá sì wà lẹ́yìn ẹni ló ń pinnu bí ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe máa rí. Àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń múra ìrìn bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè nípa báàgì nìyí.

Mo rí báàgì lítà 50 tó jẹ́ gíráàmù 500 péré, mo tún rí òmíràn tó tó kílò kan. Ṣé kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ ló yẹ kí n rà?

Ó dọwọ́ ohun tẹ́ ẹ máa kó sínú rẹ̀. Gíráàmù 500 tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ìwúwo omi ààbọ̀ lítà lọ. Ohun tó ń sọ báàgì di ìyà ni ibi tó gbé ẹrù lé lára. Ìbàdí lágbára láti gbé ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́, èjìká kò lè ṣe é. Ẹ wo abiyamọ tó pọn ọmọ: nígbà tí ọ̀já bá gbá ọmọ mọ́ orí ìbàdí dáadáa, á máa rìn lọ láìkanra, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń yọ̀ wálẹ̀ tí ọ̀já sì ń fa àyà, kíá ló máa dúró tún un pọ̀n.

Iṣẹ́ tí férémù ń ṣe nínú báàgì nìyẹn. Ì báà jẹ́ ọ̀pá alumíníọ̀mù kan tàbí méjì, ì báà jẹ́ ti carbon fibre (ohun líle kan tó fúyẹ́), òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn báàgì ká, kí ìwúwo lè gba ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí bẹ́líìtì ìbàdí. Báàgì onígíráàmù 500 kì í sábà ní férémù. Tí ẹrù inú rẹ̀ bá ti ń kọjá kílò 9 sí 10, ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọlé, àyè tó wà láàárín okùn èjìká àti bẹ́líìtì á kúrú, èjìká á wá gba gbogbo ẹrù. Báàgì onífèrémù tó fúyẹ́, láti gíráàmù 800 sí 1,200, sábà máa ń gbé kílò 13 sí 16 láìdáni lóró. Àwọn báàgì ńlá tó tó kílò 2 sí 2.5 lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kàn ń gbé fóòmù àti irin kiri ni.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn àyè láti ibi tí wọ́n ti rán okùn èjìká mọ́ báàgì dé bẹ́líìtì nígbà tí báàgì ṣófo. Ẹ di ẹrù sí i, ẹ gbé e sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn tún un wọ̀n. Tó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 kúrú, ẹrù yẹn ti ju báàgì náà lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí ẹrù mi máa wọ̀n?

Ẹ wá òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù, ẹ wọn gbogbo nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹrù tí kì í dín kù lẹ máa kọ́kọ́ ṣírò: báàgì fúnra rẹ̀, àgọ́, àpò ìsùn, ẹní, aṣọ òjò, aṣọ òtútù, ìkòkò, fóònù àti bátìrì rẹ̀. Base weight ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé kílò 4.5, ìyẹn pọ́n-ùn 10, ni wọ́n ń pè ní ultralight. Lẹ́yìn náà lẹ wá ro oúnjẹ, omi àti gáàsì mọ́ ọn. Oúnjẹ gbígbẹ gíráàmù 700 sí 900 ló ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn lójúmọ́ (gàrí kò ní dójú tì yín níbẹ̀), lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan géérégé.

Ká ní base weight yín jẹ́ kílò 6. Ní gúúsù California, níbi tí Pacific Crest Trail ti bẹ̀rẹ̀, tí omi ti lè jìnnà síra tó ogún máìlì, ẹ lè ní láti gbé omi lítà 4. Oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún, gíráàmù 800 lójúmọ́, jẹ́ kílò 4. Agolo gáàsì kékeré kan á sún mọ́ gíráàmù 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 14.2. Nígbà tó bá ku oúnjẹ ọjọ́ kan àti omi lítà kan, ẹrù kan náà á ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 8. Kílò 14.2 ni kẹ́ ẹ fi yan báàgì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ráhùn pé báàgì fúyẹ́fúyẹ́ pa àwọn léjìká, base weight nìkan ni wọ́n gbójú lé nígbà tí wọ́n ń rà á.

Ọ̀rọ̀ béárì tún wà ní Sierra Nevada, àwọn òkè California tí Pacific Crest Trail gbà kọjá. Òfin ni ní ọgbà ìtura Yosemite, àti lọ́pọ̀ ibi ní ọgbà Sequoia àti Kings Canyon, pé kí arìnrìn-àjò kó oúnjẹ sínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Èyí tí wọ́n ń pè ní BV500 wọ̀n tó kílò 1.16 láìtíì kó nǹkan kan sí i. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 32. Kò ṣeé tẹ̀, kò ṣeé ká. Ẹ fi dán inú báàgì wò kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí àwọn báàgì tóóró kan wà tó jẹ́ pé òòró nìkan ló lè gbà wọ inú wọn, tí etí rẹ̀ á sì máa gún yín lẹ́yìn.

Lítà mélòó ló yẹ kí n wá?

Ẹ má tíì ra báàgì rárá. Ẹ ra gbogbo nǹkan yòókù tán kí ọ̀rọ̀ báàgì tó kàn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún sínú páálí kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa rí nínú báàgì, kẹ́ ẹ wá wọn òòró, ìbú àti gíga ibi tí ẹrù dé ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, kẹ́ ẹ fi 1,000 pín in. Ẹrù tó gùn ní 40, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 34 jẹ́ lítà 47.6. Láàárín lítà 40 sí 60 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ sí.

Ẹ fura sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára báàgì. Ilé-iṣẹ́ kan á ka àwọn àpò ìta mọ́ ọn, òmíràn á ka inú nìkan, nítorí náà báàgì méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ 55 lè má gba ẹrù kan náà. Ẹ má sì sọ pé kẹ́ ẹ kúkú ra ńlá torí àìmọ̀. Báàgì tó fẹ̀ jù máa ń jẹ́ kí ẹrù rọ̀gọ̀dọ̀ sísàlẹ̀, kó jìnnà sí ẹ̀yìn, kó máa fà yín sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè.

Ta wá ni báàgì tí kò ní férémù yẹ fún?

Ẹni tí base weight rẹ̀ kò ju kílò 5 lọ, tó ń rí ìlú ra oúnjẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra, tí omi kò sì wọ́n lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi lórí Appalachian Trail rí bẹ́ẹ̀. Ẹní fóòmù ló máa ṣe iṣẹ́ férémù fún un: á ṣẹ́ ẹ pọ̀, á tẹ́ ẹ sí ara ẹ̀yìn báàgì nínú, á wá ki ẹrù tì í títí gbogbo rẹ̀ á fi le. Tí ẹ kò bá ki ẹrù le dáadáa sínú irú báàgì yìí, ẹ ti ba tirẹ̀ jẹ́.

Mo ga ní mítà 1.85. Ṣé báàgì “Large” ni kí n rà?

Gíga yín kò sọ nǹkan kan fún wa. Gígùn ẹ̀yìn là ń wọ̀n, ẹni gíga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn lè ní ẹ̀yìn kúkúrú. Ẹ tẹrí síwájú, ẹ fọwọ́ wá kókó eegun tó yọ jù ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọrùn. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì lé orí egungun ìbàdí bí ẹni tó kápá mọ́dìí, kí àtàǹpàkò kọjú sẹ́yìn. Kí ẹlòmíràn na téèpù láti kókó ọrùn yẹn, kó tẹ̀ lé eegun ẹ̀yìn, dé agbedeméjì àwọn àtàǹpàkò méjèèjì. Sẹ̀ǹtímítà 40 sí 53 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹ fi iye yẹn wé àtẹ ilé-iṣẹ́ tó ṣe báàgì, torí “Medium” ẹnì kan lè jẹ́ “Large” ẹlòmíràn.

Báàgì tó kúrú jù fún yín á gbé bẹ́líìtì gun ikùn, èyí tó gùn jù á jẹ́ kí okùn èjìká léfòó sókè láìkan èjìká.

Kí ni kí n wò lára bẹ́líìtì ìbàdí?

Àárín fóòmù rẹ̀ ni kó jókòó sórí egungun ìbàdí, kó má lọ sórí ikùn, kó má sì bọ́ sórí itan. Ohun tí àwọn tó ń ra báàgì nínú ṣọ́ọ̀bù kì í rò ni pé ìrìn náà máa gbẹ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rù lójú ọ̀nà. Bẹ́líìtì tí fóòmù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn níwájú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á kò ní ṣeé fà mọ́ lẹ́yìn oṣù méjì. Á wá máa yọ̀ wálẹ̀, ẹrù á padà sórí èjìká. Ẹ jẹ́ kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ṣẹ́kù láàárín wọn. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ra báàgì tí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣeé yọ, kẹ́ ẹ lè fi èyí tó kéré rọ́pò rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọ báàgì náà létò. Ẹ tú gbogbo okùn sílẹ̀, ẹ de bẹ́líìtì kọ́kọ́, ẹ wá fa okùn èjìká títí á fi kan yín lára láìgbé ẹrù. Okùn kékeré tó wà lókè èjìká ló kàn, ìyẹn èyí tó ń fa orí báàgì mọ́ra. Ti okùn àyà ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa ti èjìká ti gbé ẹrù kúrò lórí ìbàdí kó tó gbéra.

Aṣọ wo ló dára: náílọ́ọ̀nù àbí Dyneema?

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ, bíi 100D tàbí 210D, ni denier: ìwúwo òwú náà ní gíráàmù tí wọ́n bá na án dé mítà 9,000. Náílọ́ọ̀nù 210D ń fara da àpáta àti ẹ̀gún dáadáa, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ti 30D tàbí 70D fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fi ìdí rẹ̀ wọ́ lórí òkúta. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ó máa ń mu omi díẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n kùn sí i nínú sì máa ń bó, kó di lílẹ̀ mọ́wọ́, kó máa rùn tó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin.

Òwú Dyneema, irú òwú oníke kan, kì í mu omi, agbára rẹ̀ sì pọ̀ gan-an fún ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ pọ̀ lásán kò fẹ́ràn ìfarakínra: ibi tí ìkòkò tàbí etí agolo bá ti ń fi ara ha á nínú, á lu ihò tíntìntín. Èyí tí wọ́n fi aṣọ pọlísítà bò níta ló tọ́ fún báàgì. Owó rẹ̀ sábà máa ń kọjá dọ́là 300. Tí owó bá ṣòro, ẹ fi iyekíye tẹ́ ẹ ní ra àpò ìsùn tó fúyẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ìwúwo gé jù.

Ṣé ó yẹ kí n ra ìbòrí òjò fún báàgì?

Rárá o. Òjò ń gba ẹ̀yìn ọrùn ṣàn wọ àárín ẹ̀yìn àti báàgì, ibẹ̀ ni ìbòrí kò bò, atẹ́gùn sì lè gbé e lọ. Ẹ ki ọ̀rá ìdalẹ̀nù tó nípọn sínú báàgì, ẹ kó aṣọ òtútù àti àpò ìsùn sínú rẹ̀, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ wọlé. Kò ju gíráàmù 70 lọ. Kódà báàgì tí aṣọ rẹ̀ kò gbomi ń jò láti ojú ìránṣọ.

Wọ́n ní ìyá àgbà kan fi àpò lásán rin Appalachian Trail já. Kí la wá ń náwó sí?

Òótọ́ ni. Lọ́dún 1955, Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, fi àpò aṣọ jíǹsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó gbé kọ́ èjìká kan, rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbé àgọ́, kò gbé àpò ìsùn. Kọ́tìnnì oníke ti ilé ìwẹ̀ ló fi ń bo òjò, bùláńkẹ́ẹ̀tì sójà ló fi ń bora. Ẹrù ló kọ́kọ́ gé, àpò wá bá ẹrù mu. Ray Jardine, tó mú kí ìrìn ẹlẹ́rù-fífúyẹ́ tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, náà fọwọ́ ara rẹ̀ rán báàgì tí kò ní férémù. Ẹni tó bá ra irú àpò wọn tó sì kó àgọ́ oníkílò 3 sí i kò tíì ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́?

Àpò ìta tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe ni, ẹ̀gún máa ń fà á ya. Ẹ wá èyí tí ihò àwọ̀n rẹ̀ há. Síìpù náà kì í pẹ́ nínú yanrìn, ìdí nìyẹn tí báàgì tí a ń ká ẹnu rẹ̀ fi dára ju onísíìpù lọ. Ẹ yẹ ibi tí wọ́n ti rán okùn èjìká mọ́ ẹ̀yìn báàgì wò: ó yẹ kí wọ́n rán an ní ìrántúnrán tó nípọn, tí òwú rẹ̀ bá ti ń yọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a padà. Fún aṣọ tó ya, ẹ fi ọtí spirit nu ojú ibẹ̀ gbẹ, ẹ gé téèpù alẹ̀mọ́ kí igun rẹ̀ rí rogodo kó má bàa ṣí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àti ìta. Okùn ìfọ-àárín-eyín àti abẹ́rẹ́ ńlá kan ló ń rán ojú ìránṣọ tó bá tú. Èyí tó kù ni ìkọ́ oníke ti bẹ́líìtì: ilẹ̀kùn ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú ilé ibùsùn ló sábà máa ń fọ́ ọ, láìsí i bẹ́líìtì kò ṣeé dè. Ẹ mú ọ̀kan tó ṣeé fi sí i láìránṣọ dání, kí ìwọ̀n rẹ̀ bá fífẹ̀ okùn bẹ́líìtì yín mu.