Oníbodè Tí Wọ́n Ń Lé Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní pẹ́ dé etí ẹni tó bá jókòó sí ọgbà mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ì báà jẹ́ lápá Takie, ì báà jẹ́ lẹ́yìn LAUTECH. Mọ́tò ti gbóná lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, wọ́n ti fi okùn wọ́ ọ wọlé. Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú nọ́ọ̀tì méjì, ó yọ irin kékeré kan tó rí róbótó, ó sì sọ ọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. "Àwọn òyìnbó ló ń lo ìyẹn. Ìlú tiwọn tutù. Tiwa gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe?" Onímọ́tò dúpẹ́, ó sanwó iṣẹ́, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ. Bí mọ́tò ò bá gbóná mọ́ fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọ̀gá di òfin nìyẹn.

Irin yẹn ni wọ́n ń pè ní tẹ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí, tó ń pa ọ̀nà omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Corolla, Camry àti Accord tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé láràárọ̀ wà nílùú yìí tí kò ní in nínú mọ́, tí olówó wọn ò sì mọ̀ pé ó ti kúrò.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, wíwo bíréèkì, fífún táyà ní afẹ́fẹ́ tó tọ́, gbogbo onímọ́tò ló ti gbọ́ ọ títí etí fi di. Yíyí tí omi ń yí ká nínú ẹ́ńjìnnì náà ò ṣòroó mọ̀: pọ́ọ̀ǹpù ń tì í, ó ń gba ara irin tó gbóná kọjá, ó gbé ooru lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ó padà wá. Ẹnubodè tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìlú tó gbóná kúrò ńlẹ̀. Iná tó ń bú nínú sìlíńdà máa ń ju 2000°C lọ. Nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí wọ́n rà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń di ooru tí omi gbọ́dọ̀ gbé jáde. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ fẹ́ kí omi ara òun wà ní nǹkan bíi 90°C. Ibẹ̀ ló ti máa ń jó epo dáadáa, ibẹ̀ náà ni àlàfo tí wọ́n fi sáàárín irin kan àti èkejì ti máa ń pé. Wàyí o, ọ̀sán oṣù kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè tó 38°C. Ìdájí ọyẹ́ lè má tó 20°C. Èwo nínú méjèèjì ló sún mọ́ 90? Ẹni tó fẹ́ ro àmàlà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi hó, yálà omi inú àmù ló bù síná tàbí omi tí oòrùn ti pa nínú kẹ́ẹ̀gì. Èyí tí oòrùn ti pa á kàn yá díẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ooru ìlú wa ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó mú kí nǹkan yìí wuni ni bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò ní wáyà, kò lo bátìrì, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò kì í bá a sọ̀rọ̀. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú bàbà kí ooru lè tètè wọ̀ ọ́ lára, wọ́n dì í sínú kọ́ọ̀pù idẹ kékeré kan, wọ́n ki ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n sì dí i pa. Bí omi tó yí i ká ṣe ń gbóná, ìda ń yọ́, bó sì ṣe ń yọ́ ló ń wú. Kọ́ọ̀pù ò lè fẹ̀, nítorí náà ìda ò ríbi gbà àfi kó máa ti ọ̀pá jáde. Ọ̀pá ti ìlẹ̀kùn, sípíríìnì fún pọ̀, omi gbígbóná rí ọ̀nà lọ sí rédíétọ̀. Bí omi bá tutù, ìda á sún kì, sípíríìnì á ti ìlẹ̀kùn padà. Sergius Vernet ló gbé ọgbọ́n ìda yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1930, títí dòní kò tíì sí ohun tó lé e lọ pátápátá.

Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ìlẹ̀kùn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84°C. Bí omi bá fi máa tó 95°C, yóò ti ṣí tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀.

Oníbodè ayé àtijọ́ ni. Ó jókòó sẹ́nu ibodè ìlú, kò gbọdọ̀ sùn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn wọlé gbuurugbu. Àmọ́ oníbodè tiwa yìí ò lójú, kò mọ ìṣirò, ikùn ló fi ń mọ ohun tó ń lọ. Bí ikùn bá wú, á dìde ṣílẹ̀kùn. Bó bá fà, á jókòó ti ìlẹ̀kùn pa. Kì í sì í ṣí i gbayawu kó wá lọ jẹun o. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń ṣí i díẹ̀, tó ń pa á dé díẹ̀, bí èrò ṣe ń pọ̀ tó ń dín. Bí wọ́n bá lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò, ìlú ò ní parun lọ́jọ́ náà, ọjà á ná, ìlù á dún ní ààfin. Owó ibodè nìkan ni kò ní wọlé mọ́, ìgbà tí ọba bá sì fi máa béèrè, ẹni tó lé oníbodè ti lọ sóko. Àfiwé yìí ti fẹ́ máa gbé wa lọ síbi tí mọ́tò ò dé, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ẹ́ńjìnnì.

Owó ibodè tó ń sọnù yẹn, ilé epo ló ń gbà á. Mọ́tò tí kò ní tẹ́mósítáàtì, tó bá gbéra ní ìdájí ọyẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, omi rẹ̀ ti ń lọ sí rédíétọ̀ látìgbà tí wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́, atẹ́gùn ojú ọ̀nà sì ń fẹ́ ẹ. Ó lè rìn dé Ọ̀yọ́ kí ara ẹ́ńjìnnì má gbóná tó bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi á máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ ò tíì mọ́, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo kún epo, bí ẹni tó ń wọ́n kẹrosíìnì síná igi tútù. Gíà tó yẹ kó wọlé kí ẹ́ńjìnnì lè rọlẹ̀ ò ní tètè wọlé, torí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ mọ́tò ọtomátíìkì kì í fún un láyè títí omi á fi gbóná. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á ní, "Mọ́tò yìí ń mu epo ṣá," á sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì.

Èyí tó tún ń bí ẹni nínú jù wà lábẹ́ ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì máa ń mú omi jáde, bí oru. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá gbóná dáadáa, omi yẹn á gbẹ, á bá afẹ́fẹ́ jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná, kò ríbi lọ. Á pò mọ́ ọ́ìlì, á di nǹkan funfun tó ki bí ògì, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọmọrí. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì mìíràn bá ṣí ọmọrí yẹn, tó rí ògì, á mi orí: "Ọ̀gá, tọ́ọ̀pù gáàsìkẹ́ẹ̀tì ti jó." Wọ́n á sì tú ẹ́ńjìnnì tí nǹkan kan ò ṣe. Lóòótọ́, gáàsìkẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn ohun tí wọ́n tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi má bàa pò mọ́ ọ́ìlì, tó bá jó náà máa ń mú ògì wá, ṣùgbọ́n omi rédíétọ̀ á máa dín pẹ̀lú ẹ̀. Bí omi ò bá dín, kí wọ́n má tíì mú sípánà.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tiẹ̀ wà, ti Toyota wà lára wọn, tó jẹ́ pé yíyọ ọ́ kúrò ló máa ń dá ooru sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjì ni tẹ́mósítáàtì tiwọn ní. Bí èyí tó lọ sí rédíétọ̀ ṣe ń ṣí ni ti ìsàlẹ̀ ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Bí irin náà ò bá sí mọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú á ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Omi gbígbóná á máa gba ibẹ̀ yí po, ìwọ̀nba ni yóò dé ibi tí atẹ́gùn wà. Ojú ọ̀nà tó dán lè bo àṣírí yẹn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ ọjà ni yóò tú u.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kì í ṣe òmùgọ̀. Tẹ́mósítáàtì lè há sípò pípadé lóòótọ́, bó bá sì há lójú ọ̀nà, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àlébù iṣẹ́ ọgbọ́n náà nìyí: kò ní ẹnu tó lè fi ké. Àfarawé sì pọ̀ lọ́jà, tí kò ní ṣí lásìkò. Ẹni tó bá ti ra ayédèrú lẹ́ẹ̀mejì, tí oníbàárà ń wò ó lójú, kò ṣòroó mọ ìdí tó fi sọ ọ́ sábẹ́ máńgòrò. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mọ́tò bá ń gbóná, kì í sábà jẹ́ pé tẹ́mósítáàtì ló jẹ̀bi.

Mọ́tò tó ń gbóná nínú gosílóò, tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ bó bá ti ń sáré, fáànù rẹ̀ ni kí wọ́n wò, tàbí rílè tó ń tan fáànù. Èyí tó jẹ́ ìgbà tó bá ń sáré tàbí tó ń gun òkè ló ń gbóná, rédíétọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń dí. Omi kànga tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ láìlo kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ń fi ìpàǹtí funfun sílẹ̀, bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù, ó sì ń mú irin dípẹtà. Ọmọrí rédíétọ̀ ni wọn kì í kà sí. Nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, omi ń hó ní 100°C. Lábẹ́ ọmọrí tí wọ́n kọ 1.1 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀, ó di nǹkan bíi 120°C kó tó hó. Bí rọ́bà ọmọrí yẹn bá ti ya, omi á tètè hó, á máa tú dànù, wọ́n á sì ní tẹ́mósítáàtì ni. Èyí tó bá há lóòótọ́ ní àmì tirẹ̀: ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru omi hàn á gòkè kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n bá tan mọ́tò, nígbà tí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ṣì tutù.

Ìkòkò kan tó láti dá a lẹ́jọ́. Wọ́n á so tẹ́mósítáàtì mọ́ òwú, wọ́n á rì í sínú omi, kó má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á dáná sí i. Kí omi tó hó, nígbà tí èéfín bá ti ń rú tí ìfóòfó wẹ́wẹ́ ń yọ, ìlẹ̀kùn á rọra gbé ara sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí wọ́n bá fà á jáde, á padé. Èyí tí omi hó tán tí kò mira, òun ni kí wọ́n sọ nù, kí wọ́n sì ra òmíràn tó ní iye ooru kan náà lára.

Tí wọ́n bá ń dá a padà, sípíríìnì ló ń wo inú ẹ́ńjìnnì, ihò kékeré tó ní irin tó ń mì lẹ́nu sì gbọ́dọ̀ wà lókè, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni wọ́n ń ṣí ọmọrí rédíétọ̀, tí wọ́n á da kúláǹtì sí i, tí wọ́n á tan mọ́tò, tí wọ́n á máa bu kún un títí kò fi ní máa yọ ìfóòfó mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan fọwọ́ kan họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, kó ṣọ́ra fún fáànù. Á tutù fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ gééjì á dé àárín. Họ́ọ̀sì á wá gbóná lójijì lábẹ́ ọwọ́.